Ẹ̀bùn olùkọ́ ọmọ nígbà ìsinmi: ohun tí mo rí kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí tí mo ṣáájú máa ń bi mí: kí ni ká rà fún àwọn tíṣà ọmọ wa tí kò ní kó wa sí gbèsè, tí kò sì ní dà bíi pé a kàn fi ṣe ojú ayé? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ọmọ tèmi tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Mo ti gba ẹ̀bùn, mo ti fúnni, mo sì ti bá àwọn òbí kíláàsì kó owó ẹ̀bùn jọ. Ohun tó dá mi lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé olùkọ́ kì í tọ́jú ohun tí wọ́n ná owó lé. Ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé òbí rí iṣẹ́ tí òun ṣe lára ọmọ náà ló máa ń tọ́jú. Ẹni tí èyí bá yé, kò ní ṣòro fún un láti mọ iye tó yẹ kó ná.

Kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ máa rà rárá, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ọmọ yín. Olùkọ́ kíláàsì ló máa ń wá síni lọ́kàn, àmọ́ ẹ rántí igbákejì rẹ̀ tó ń so okùn bàtà ọmọ, ẹni tó ń kọ́ wọn lórin, ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, ẹni tó ń bójú tó ilé ìkàwé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó mọ ọmọ yín lórúkọ. Ìgbà tí ẹ bá rí iye wọn tán ni kí ẹ tó sọ iye owó tí ilé yín lè yọ láìfi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo owó náà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pín in. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bùn kan tó wuyì fún olùkọ́ kíláàsì, ó máa ń rí i pé kò ku nǹkan kan fún àwọn yòókù, tàbí kó lọ yáwó.

Ẹ béèrè òfin iléèwé pẹ̀lú, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni olùkọ́ ti lómìnira láti gba ohun tó bá wù ú. Ní Gúúsù Kòríà, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 kò gbà kí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ lọ́wọ́, tó sì ń fún un ní máàkì, gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ òbí rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ iléèwé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn tó tó dọ́là 50 lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kíláàsì lápapọ̀ lè fún un ní ohun tó tó dọ́là 150, tí kò bá ti sí ohun tó máa jẹ́ kó mọ ẹni tó dáwó àti iye tí kálukú dá. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn dáadáa, màá padà sórí rẹ̀. Tí iléèwé yín bá ní àwọn kì í gba ẹ̀bùn, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Lẹ́tà ìdúpẹ́ kì í sábà sí lára ohun tí wọ́n fòfin dè.

Ní ti ohun tí ẹ kò ní rà, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ fi lọ́fíńdà àti ìpara sílẹ̀, torí ẹ ò mọ ohun tí awọ ara àti imú olùkọ́ náà lè gbà. Ẹ fi aṣọ sílẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, ẹ fi sílẹ̀ àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni náà dunjú. Ní ti kọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tíṣà sí lára, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọmọ 25 wà ní kíláàsì, tí mẹ́rin péré nínú wọn mú kọ́ọ̀bù wá lọ́dọọdún. Ní ọdún mẹ́wàá, kọ́ọ̀bù 40 ti wà nínú ilé olùkọ́ kan. Ohun tó dára ni kọ́ọ̀bù o, inú rere sì ni òbí fi rà á, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n máa kó o sí ló ń di ìṣòro. Ohun tó máa ń tán ló dára jù: ohun tí wọ́n á lò, tí á ṣiṣẹ́, tí á sì kúrò nílẹ̀.

Àwọn wo nìyẹn? Máákà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára pátákó, tí ìnkì rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bírò tó ń kọ dáadáa, pàápàá èyí tó ní àwọ̀ mélòó kan tí wọ́n lè fi máàkì iṣẹ́ ọmọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ṣítíkà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ tó bá ṣe dáadáa. Tíṣù, nítorí imú ọmọdé kì í dákẹ́. Pẹ́ńsù, ìrésà, bátìrì. Owó gbogbo wọn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ló sábà máa ń fi owó àpò ara rẹ̀ rà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròyé lásán: láti ọdún 2002 ni òfin owó orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbà kí olùkọ́ yọ díẹ̀ nínú owó tó fi ra ohun èlò kíláàsì kúrò nínú iye tí wọ́n máa bu owó orí lé. Ìjọba kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ń ná owó ara wọn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi. Ohun èlò kíláàsì, ẹ̀bùn àwọn ọmọ ni, ẹ̀bùn tíṣà kọ́. Mo mọyì rẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ àpótí máákà kì í jẹ́ kí n rò pé ẹnì kan rántí pé mo ní ayé tèmi lẹ́yìn iléèwé. Tí agbára yín bá gbé e, ẹ fi ohun kékeré kan tó jẹ́ ti ẹni náà gan-an kún un. Ọmọ yín lè ràn yín lọ́wọ́ níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ bi í: kí ni tíṣà yín máa ń mu? Àwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́ràn? Kí ni wọ́n sọ fún yín pé àwọn ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀? Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ bóyá tíṣà òun fẹ́ràn òdòdó tàbí bọ́ọ̀lù. Káàdì ẹ̀bùn tí wọ́n lè fi ra ohun tó wù wọ́n náà dára níbi tí òfin bá ti gbà á, kódà kí iye tó wà nínú rẹ̀ kéré. Ẹ kàn wò ó bóyá ó ní ọjọ́ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Owó lásán nínú àpò ìwé ni èmi kò fẹ́, torí ó rọrùn kí ẹlòmíì pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé ohun tí owó rẹ̀ kéré máa dójú tì yín. Ìwádìí kan tí Francis Flynn àti Gabrielle Adams gbé jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn gbà pé bí owó ẹ̀bùn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹni tó gbà á máa mọyì rẹ̀ tó. Ẹni tó gbà á kò wò ó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, lẹ́tà. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀.

Olùkọ́ máa ń rí ọmọ yín láàárọ̀ títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ọmọ á lọ sílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ó kọ́ ọmọ ní ìṣirò ìdá, ó ṣe àlàyé lọ́nà mẹ́ta, ọmọ ń wò ó ṣáá. Olùkọ́ ò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà wọlé. Ẹ̀yin òbí nìkan lẹ ní ìròyìn tó kù. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tó sọ ohun pàtó fi máa ń pẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ wo méjì yìí. Òbí kan kọ ọ́ pé: “Ẹ ṣeun fún gbogbo iṣẹ́ takuntakun yín lórí ọmọ wa. Ọlọ́run á bù kún yín.” Àdúrà rere ni, a ó sì ṣe àmín sí i, àmọ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè kọ ọ́ sí. Òmíràn kọ ọ́ pé: “Nígbà tí táàmù bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ibùsùn ni ọmọ mi máa ń fi ìwé ìṣirò rẹ̀ pamọ́ sí. Láti ìgbà tí ẹ ti ní kó máa pín òkúta wẹ́wẹ́ kó tó kọ ìdá sílẹ̀, òun ló ń pè wá pé ká wá wo bí òun ṣe ṣe é. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín.” Ìlà mẹ́ta péré ni, kò ná òbí náà ní nǹkan kan. Olùkọ́ tó bá ka ìyẹn ti mọ̀ pé ọgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́. Ó máa lò ó fún ọmọ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, kí lẹ́tà yín ní ohun kan tí olùkọ́ náà ṣe, àti ohun kan tó yí padà lára ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ olùkọ́ bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má tọrọ àforíjì nínú rẹ̀ pé owó ò sí, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ẹ má sì bá a tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe. Tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kọ, ẹ bi í pé, “Kí ni tíṣà yín ṣe tí inú rẹ fi dùn?” kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ bó ṣe sọ ọ́.

Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òbí kọ lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n kọ, tàbí pé tíṣà á wo àwọn bákan. Amit Kumar àti Nicholas Epley wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n sì fojú bu bó ṣe máa rí lára ẹni náà. Lẹ́yìn náà wọ́n bi àwọn tó gbà á. Ayọ̀ wọn pọ̀ ju ohun tí àwọn tó kọ ọ́ rò lọ, kò sì rí lára wọn bákan tó bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe ń bẹ̀rù.

Ẹ tún lè kọ òmíràn sí ọ̀gá iléèwé, kí ẹ sọ ohun tí olùkọ́ náà ṣe. Ẹjọ́ ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí òbí ń mú lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Lẹ́tà ìyìn tó wọ fáìlì olùkọ́ lè ṣe é láǹfààní nígbà ìgbéga. Èmi kò mọ ẹ̀bùn kankan láàárín òbí àti olùkọ́ tó tó ìyẹn, bírò àti ìwé nìkan ló sì gbà.

Ní ti owó tí kíláàsì ń dá jọ, ìránṣẹ́ tí mo máa ń fi sórí WhatsApp àwọn òbí nìyí: “Ẹni tó bá fẹ́ dáwó fún ẹ̀bùn àwọn olùkọ́ lè fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ báyìí. Kò sí iye kan pàtó, kò sì sí dandan. Orúkọ gbogbo ọmọ ló máa wà lára káàdì.” Ó tán. Ẹ má ṣe fi orúkọ àwọn tó ti san síta. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni kiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó mọ iye tí kálukú dá, kó sì sọ iye owó lápapọ̀ fún gbogbo òbí nígbà tó bá parí. Ẹ ra ohun tí owó tó wọlé bá ká, kì í ṣe pé kí ẹ ti yan nǹkan tán kí ẹ tó máa wá owó rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú òfin Massachusetts yẹn nìyí: bí olùkọ́ kò bá mọ ẹni tó mú owó wá, kò sí ọmọ tó lè jàǹfààní rẹ̀ nínú máàkì, kò sì sí ọmọ tó máa jìyà pé ilé wọn ò ní. Mo ti rí ọmọ tó ń wo káàdì kíláàsì, tó ń wá orúkọ ara rẹ̀. Kò yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá a tì nítorí owó.

Ìgbà tí ẹ máa fún wọn náà ṣe pàtàkì. Ọjọ́ ìkẹyìn ni gbogbo èèyàn máa ń gbé ẹ̀bùn wá, olùkọ́ á sì máa wá bó ṣe máa kó o délé. Ẹ mú tiyín wá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ọmọ sára ẹ̀bùn fúnra rẹ̀, nítorí káàdì máa ń já bọ́ lára àpò. Ẹ má ṣe gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ bẹ olùkọ́ pé kó tún máàkì wò tàbí kó yí ìjókòó ọmọ padà. Kí ọmọ rọra gbé e fún un ṣáájú kí kíláàsì tó kún.

Nígbà tí ọmọ bá dé girama, olùkọ́ á ti pọ̀ ju ohun tí àpò lè gbà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ mú méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ sì kọ ọ̀kan sí gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀ ní yàrá olùkọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ lọ́dún tó kọjá náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá tọ olùkọ́ lọ nígbà tí kò ní máàkì ọmọ yín lọ́wọ́ mọ́, kò sẹ́ni tó lè rò pé torí máàkì ni ẹ ṣe kọ ọ́.