Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí díráìfù tuntun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ Linux, fífọ́máàtì gan-an kò le. Àṣẹ kan péré ni. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e ló ń fìyà jẹni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ díráìfù tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn. `lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL,MOUNTPOINT` ni mo máa ń tẹ̀, màá sì fi SERIAL wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára díráìfù fúnra rẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé sdb, orúkọ tí Linux fún díráìfù, nítorí ohun tó ń jẹ́ sdb lónìí lè di sdc bí ẹ bá pa ẹ̀rọ tí ẹ tún tàn án. Bí mkfs.ext4, àṣẹ tó ń fọ́máàtì díráìfù sí ext4, bá ní òun rí nǹkan níbẹ̀, tó ń bi yín bóyá kí òun máa bá a lọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí y ná. Ó lè jẹ́ láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fọ́máàtì rẹ̀ wá. Ó sì lè jẹ́ dátà oníbàárà.

Bí ẹ bá ń pín díráìfù, ètò GPT ni kẹ́ ẹ lò, MBR tó jẹ́ ètò àtijọ́ kì í sábà kọjá 2TB. Ext4 a máa ya ìdá 5 nínú 100 sọ́tọ̀ fún root (aṣàmúlò tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ): lórí 4TB, bíi 200GB nìyẹn! Bó bá jẹ́ dátà lásán lẹ fẹ́ kó síbẹ̀, ẹ fi `-m 1` sí i. Ẹ̀yìn tí ẹ bá mount díráìfù, ìyẹn ni pé ẹ so ó mọ́ fóldà kan bíi /data, lẹ ó ṣe chown (àṣẹ tó ń yí ẹni tó ni fáìlì padà), kì í ṣe ṣáájú.

Ó wá ku fstab, fáìlì tó ń sọ díráìfù tí ẹ̀rọ máa mount bó bá ń tàn. UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) tí `blkid` bá gbé jáde ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nofail kún un, kí ẹ̀rọ lè tàn kódà bí díráìfù ò bá sí. Láìsí i, bí díráìfù bá kú, systemd, ètò tó ń tan Linux, á dúró dè é fún ìṣẹ́jú-àáyá 90, á wá já yín sí emergency mode, níbi tí ẹ̀rọ ò ti ní tàn tán. Bí server bá wà nílùú míì, ẹ máa wá ẹni tó máa lọ jókòó ti kíbọọ̀dù rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi `findmnt --verify` àti `mount -a` dán fstab wò kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn.

Ṣùgbọ́n nofail náà ní wàhálà tiẹ̀. Bí díráìfù ò bá so, fóldà /data ṣì wà níbẹ̀ lófìfo, lórí díráìfù root, ìyẹn èyí tí Linux fúnra rẹ̀ wà. Backup òru ò mọ̀, á máa kó ẹrù síbẹ̀ títí díráìfù root á fi kún. Bí díráìfù bá padà so, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: du (tó ń ka ìwọ̀n fáìlì) ò ní rí wọn, df (tó ń ka àyè tó ti kún lórí díráìfù) á ṣì máa kà wọ́n. Nítorí náà, kí ẹ tó mount rárá, ẹ ṣe `chattr +i /data`. Root gan-an ò ní lè kọ nǹkan sínú fóldà òfìfo yẹn mọ́, backup á sì figbe ta lóru ọjọ́ kìíní tí díráìfù bá sọnù.