Bóòtù àlòkù tó wà lẹ́yìnkùlé mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bóòtù fáíbà tó ti pẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn yín o, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí páákó ló wà nínú ẹ̀, fáíbà kàn bò ó ni, tómi bá ti gba ojú ihò tí wọ́n lu wọlé, ó ti ń jẹrà nìyẹn láì hàn síta. Ẹ fi òòlù gbá a jẹ́jẹ́. Tó bá dún ko ko, ó dáa. Tèmi dún bọ̀ọ̀! Mo gé e ṣí, mo kó gbogbo páákó jíjẹrà dànù, mo fi plywood tuntun àti epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń gan, dí i, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi sáńpépà ha fáíbà, ẹ wọ aṣọ bo ara o, ó ń yúnni bíi wèrèpè, ẹ bo imú náà.

Ìtọ́jú ẹ́ńjìnì Yamaha tó wà lára ẹ̀ ò le rárá. Omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà tí mo bá ti dé, mo máa so hóòsì mọ́ ọn, kí omi tó mọ́ fọ inú ẹ̀. Nígbà òjò, koríko ojú omi ló máa ń dí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa omi tó ń mú un tutù, tẹ́ ẹ bá rí i pé kò tu omi sẹ́yìn mọ́, ẹ yáa pa á kíá.