Ibo La Ó Lọ Lẹ́yìn Ìgbéyàwó? Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí A Ń Yan Ibi Ìsinmi Wa

Bí ẹ bá ń múra ìgbéyàwó, tí ẹ sì ti ń bi ara yín pé ibo lẹ ó ti lọ lo ìsinmi ìgbéyàwó yín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì dárúkọ ìlú kankan. Irú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ara yín.

Ohun tí èmi àti ọkọ mi ṣe nìyẹn. Kálukú wa mú ìwé, ó lọ jókòó lọ́tọ̀, ó sì kọ bí ó ṣe fẹ́ kí ọjọ́ kan lọ nínú ìsinmi náà, láti ìgbà tí a bá jí títí tí a ó fi sùn. A fi òfin kan sí i: orúkọ ìlú tàbí orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé náà. Èmi kọ ọ́ pé mi ò fẹ́ kí aago jí mi, pé mo fẹ́ máa wọnú òkun nígbàkigbà tó bá wù mí, kí n jáde, kí n sùn lábẹ́ ibòji, kí n tún padà sínú omi. Ọkọ mi kọ tirẹ̀ pé òun fẹ́ rìn kiri ìgboro àtijọ́ kan, kí òun máa wo bí wọ́n ṣe kọ́ ilé, kí òun máa bá àwọn ará ibẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kí ó sì rẹ òun dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí a pààrọ̀ ìwé, ó wò mí, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, ṣé ìwọ ò wá ní rìn rárá ni?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná, màá tẹ̀ lé yín."

Ká ní orúkọ ìlú la fi bẹ̀rẹ̀, Maldives, orílẹ̀-èdè erékùṣù ní Òkun Íńdíà, ni mo máa dárúkọ, ọkọ mi á sì gbà nítorí tèmi, láìsọ̀rọ̀. Ibẹ̀ sì dára lóòótọ́. Erékùṣù tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,200, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló sì dá ní erékùṣù tirẹ̀, tí ẹ̀yin méjèèjì lè fi ẹsẹ̀ yí po láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ pátápátá kò ní rí ibi tó dà bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgboro àtijọ́ tí ọkọ mi fẹ́ rìn dà? Kò sí lórí irú erékùṣù bẹ́ẹ̀. Ìwé méjèèjì yẹn ló mú wa dé Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania: Stone Town fún un, ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta inú òkun kọ́, tí UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kọ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé lọ́dún 2000, tí ilẹ̀kùn onígi fínfín rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ mi tètè kọjá ní ojúlé kankan, etíkun àríwá fún mi.

Mo sọ etíkun àríwá, mo sì ní ìdí. Lórí erékùṣù kan náà, etíkun sí etíkun yàtọ̀. Ní ìlà-oòrùn Zanzibar, ní Paje àti Jambiani, bí òkun bá fà sẹ́yìn, á fà jìnnà gan-an, tí ẹ ó máa wo ilẹ̀ òkun gbalasa níbi tí omi wà láàárọ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń wọlé síbẹ̀ lọ tọ́jú ewéko òkun tí wọ́n gbìn. Ó lẹ́wà láti rìn níbẹ̀, ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí a lọ ṣe ìbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nígbàkigbà tó bá wù ú á dúró títí kí omi tó padà. Ní Nungwi àti Kendwa lókè àríwá, òkun kì í fà jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibẹ̀ la gba yàrá sí. Kí ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì etíkun èyíkéyìí, ní ibikíbi láyé, ẹ wá àtẹ àkókò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà níbẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkókò náà a máa sún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún yín.

Ojú ọjọ́ ni mo rò pé àwọn tọkọtaya kì í fún ní àyè tó tọ́ sí i. Ọjọ́ ìgbéyàwó ló máa ń pinnu ọjọ́ ìrìnàjò, bẹ́ẹ̀ òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ní Zanzibar, òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Vuli, tó kéré sí i, máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ìgbéyàwó wa bọ́ sí àárín ọdún, ìgbà tí afẹ́fẹ́ kusi ń fẹ́ láti gúúsù, tí ara ń tuni, ó sì bá a mu wẹ́kú. Ká ní oṣù kẹrin ni, ibòmíràn ni à bá lọ.

Maldives, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀. Mauritius yàtọ̀ sí èyí: oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin gan-an ni ìgbà tí ìjì líle lè dé ibẹ̀, láti oṣù karùn-ún ni ara sì máa ń tutù. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀, torí pé inú Òkun Íńdíà kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Seychelles, tó ní erékùṣù 115, kì í sábà sí lójú ọ̀nà ìjì, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn máa ń ru òkun sókè ní apá kan, apá kejì á sì pa rọ́rọ́. Nítorí náà, ẹ béèrè apá ibi tí hòtẹ́ẹ̀lì yín kọjú sí. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ìgbà ìjì líle ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà sí ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, àmọ́ ìjì kì í sábà dé Aruba àti Curaçao.

Èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ láti máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ti Victoria Falls, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe. Odò Zambezi á já wálẹ̀ níbẹ̀ láti ibi gíga tó tó mítà 108, fífẹ̀ rẹ̀ sì lé ní mítà 1,700. Ènìyàn á rò pé ìgbà tí omi bá kún jù ló dára jù. Rárá. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, omi náà á pọ̀ débi pé ìkùukùu rẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀, aṣọ yín á rin gbingbin, ẹ lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ rí omi náà gan-an. Ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, apá ti Zambia lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Àárín méjèèjì ni ẹ ó ti rí i kedere. Síbẹ̀, tọkọtaya kan lè mọ̀ọ́mọ̀ yan ìgbà tí omi kún, torí pé ní alẹ́ tí òṣùpá bá yọ róbótó, òṣùmàrè a máa hàn nínú ìkùukùu omi yẹn lóru. Ta ni kò ní fẹ́ fi irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó?

Ẹ wo kàlẹ́ńdà ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní Bali, erékùṣù kan ní Indonesia, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan wà lọ́dún tí wọ́n ń pè ní Nyepi, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta. Pápákọ̀ òfuurufú á tì fún wákàtí 24, ẹnikẹ́ni kò ní jáde sígboro, àlejò náà á dúró sínú hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tó dùn jù fún ẹni tó mọ̀ ṣáájú.

Ohun kan tún wà tí mo gbà gbọ́ gidigidi: ó ti rẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ayẹyẹ yẹn a máa gba agbára lọ́wọ́ ènìyàn ju bó ṣe rò lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka wákàtí ìrìnàjò, ẹ má ka ti bàálù nìkan. Ẹ kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí dé orí ibùsùn tí ẹ ó sùn sí. Ní Maldives, bàálù kékeré tó ń bà sórí omi, tó ń gbé àlejò lọ sí àwọn erékùṣù tó jìnnà, kì í fò lálẹ́. Bí bàálù ńlá yín bá gúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ lè ní láti sùn nítòsí Malé, olú ìlú ibẹ̀, di ọjọ́ kejì. Bí ọjọ́ yín kò bá pọ̀, ẹ yan ibi tí aago rẹ̀ kò jìnnà sí ti ilé yín. Bí ìyàtọ̀ wákàtí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọjọ́ tí ara yóò fi bá a mu ń pọ̀ sí i, ẹ kò sì fẹ́ fi ìdajì ìsinmi yín tòògbé. Àwa kò gbéra ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó. A sinmi nílé ná, a sùn dáadáa, a tó di ẹrù. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn títí di òní.

Nípa ẹwà: ẹ wo àwòrán, àmọ́ ẹ béèrè bí èrò tó dúró sẹ́yìn ẹni tó ya àwòrán náà ṣe pọ̀ tó. Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, lẹ́wà, ilé funfun lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta tí òkè ayọnáyèéfín dá sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń rọ́ lọ sí Oia láti wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Bí ẹ bá fẹ́ ibẹ̀, ẹ lọ kí èrò ẹ̀ẹ̀rùn tó dé tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì á ti tì nígbà òtútù.

Ti ìwé kò gùn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹ́ kí ìwé ìrìnnà yín ṣì ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu, nítorí náà, ìyàwó tó fẹ́ yí orúkọ padà kí ó lo èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10. Ẹ bi dókítà nípa oògùn ibà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń retí oyún láìpẹ́, ẹ bi í nípa Zika, àrùn ẹ̀fọn tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, pẹ̀lú, torí pé bí ẹ bá lọ síbi tí àrùn náà wà, ìmọ̀ràn tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ń fúnni ni kí ọkùnrin dúró fún oṣù mẹ́ta, obìnrin oṣù méjì, kí wọ́n tó gbìyànjú láti lóyún.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ó dára kí ọkọ nìkan ṣètò gbogbo rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti fi ya ìyàwó lẹ́nu. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ fi yàrá kan, ìrọ̀lẹ́ kan, ìrìn inú ọkọ̀ ojú omi kan ya ara yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ jọ yan ibi tí ẹ ó lọ. Bí ọ̀kan bá fẹ́ òkun, tí èkejì fẹ́ òkè, ibi tó ní méjèèjì wà. Ní Mahé, erékùṣù tó tóbi jù ní Seychelles, òkè Morne Seychellois ga tó mítà 905, etíkun kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè.

Bí ìwé ọjọ́ yín bá sì tọ́ka sí ibì kan, tí oṣù ìgbéyàwó yín kò bá ibẹ̀ mu, ẹ sún ìrìnàjò náà síwájú. Ẹ lọ síbi tó wà nítòsí fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ, kí ẹ wá lọ síbi tí ọkàn yín fẹ́ nígbà tí ojú ọjọ́ rẹ̀ bá dára. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì náà bí wọ́n bá gba kí ènìyàn sún ọjọ́ síwájú láìpàdánù owó rẹ̀, kí ẹ sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé.