Ohun tí ojú mi rí nídìí solid granny square

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ króṣéè, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan tí ò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà témi bẹ̀rẹ̀.

Granny square ni iṣẹ́ onígun mẹ́rin tí wọ́n ń hun láti àárín jáde. Èyí tó ní ihò láàárín yẹn, ẹni jẹ́jẹ́ ni, téèyàn bá ṣì í hun, ihò á bá a bò ó. Èyí tó dí pa, tí wọ́n ń pè ní solid yìí, ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí.

Blánkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fi hun, mo ti ṣírò ẹ̀ dáadáa: square 80, mẹ́jọ níbùú, mẹ́wàá lóròó, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 15, kí gbogbo ẹ̀ lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120 níbùú, 150 lóròó. Ìgbà tí mo hun bí ọgbọ̀n tán tí mo wá tò wọ́n sílẹ̀, ká má parọ́, ojú tì mí. Àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré, àwọn kan ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n fà létí. Mo ní òwú ló fà á. Òwú kọ́ o, èmi ni.

Ojú àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn kọ́nà ló ń gbé mi ṣubú. Tẹ́ ẹ bá ti hun double (ojú tó ga) méjì, chain (ojú bí ẹ̀wọ̀n) méjì, double méjì sínú kọ́nà tán, àwọn double yẹn á tẹ̀ síwájú, wọ́n á jókòó lé ojú tó kàn lórí, ẹ ò ní rí i rárá àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tì wọ́n sẹ́yìn. Èmi ń fò ó. Màá fò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò ní fò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, square á wá dà bí páálí tí òjò pa.

Kíkà ló yọ mí. Ìyípo kìíní, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní double 3, ìkejì 7, ìkẹta 11, ìkẹrin 15, ìkarùn-ún 19. Mẹ́rin mẹ́rin ló ń fi lé, torí kọ́nà tọ̀tún fún un ní méjì, tòsì náà fún un ní méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka gbogbo ẹ̀ yípo, 12, 28, 44, 60, 76 ni, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe wàhálà yẹn, ẹ̀gbẹ́ tí mo bá wà níbẹ̀ ni mo máa ń kà kí n tó wọ kọ́nà, tó bá ti pé mo ti ń lọ nìyẹn. (Double tàwọn ará Amẹ́ríkà ni mò ń sọ o, èyí táwọn ará ìlú Ọba ń pè ní treble. Tẹ́ ẹ bá ṣi ìyẹn mú, square yín á kéré ju tàwòrán lọ, ẹ ò sì ní mọ ìdí ẹ̀.)

Ó tún lè pé kó ṣì máa wọ́. Double kì í nàró ṣánṣán lórí ojú tó ń jókòó lé, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀, tó bá wá jẹ́ pé iwájú nìkan lẹ ń hun látìbẹ̀rẹ̀ dópin, díẹ̀díẹ̀ yẹn á para pọ̀. Ẹ yí iṣẹ́ padà tẹ́ ẹ bá ti parí ìyípo kan, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lóde, á tọ́.

Chain mẹ́ta tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìyípo dípò double àkọ́kọ́, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ó tín-ín-rín ju double lọ, ààlà kan á sì máa hàn níbi tẹ́ ẹ ti ń so ó. Mo máa ń jẹ́ kí ìsopọ̀ bọ́ sínú kọ́nà: dípò chain méjì tó gbẹ̀yìn, chain kan àti single (ojú kúkúrú) kan sórí ojú àkọ́kọ́, ìkọ́ tẹ́ ẹ fi ń hun á wà láàárín kọ́nà gan-an, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ìkọ́ kan náà parí iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ra òwú tó máa tó lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọ̀ má baà yàtọ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń fa òwú le náà ńkọ́? Ọjọ́ tínú bá ń bí mi, square mi máa ń kéré. Mi ò rí oògùn ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn square yín dọ́gba, ẹ fi píìnì kàn án mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ wọ́n omi sí i, kó gbẹ. Òwú acrylic, ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé e o, á rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò ní lè nà kó padà mọ́. Méjì ni mo fi kọ́gbọ́n.

Ìdí òwú, ìyẹn òwú tó máa ń ṣẹ́ kù níbẹ̀rẹ̀ àti nípárí square, sì rèé: square 80, ìdí méjì méjì, 160 nìyẹn, tẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ pààrọ̀ àwọ̀ rárá. Ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé lọ, kẹ́ ẹ tún tì í padà bọ̀, gbàrà tẹ́ ẹ bá ti parí ọ̀kan. Èmi ní màá ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan. Blánkẹ́ẹ̀tì yẹn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tipẹ́, òwú ṣì ń yọjú ní igun kan, mo kàn máa ń kọ igun yẹn sí ògiri.