Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń ya Olókun: àyẹ̀wò ọdún mi

Ìwé gbèsè ni mo kọ́kọ́ ṣí lálẹ́ àná. Owó ṣọ́ọ̀bù gorí, aró wọ́n, èèyàn mẹ́ta kó aṣọ lọ wọn kò tí ì san, èmi náà sì jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó. Ó tán. Ohun tí ọdún yìí fi yàtọ̀ sí èyí tó kọjá ni pé mo fojú kan òkun.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí ní Òṣogbo níbí, odò lèmi mọ̀. Tí mo bá lọ sí Èkó, ọjà Balógun ni, mo ti ń padà bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ n kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá wa ti fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ lé mi lọ́wọ́, Olókun sì ni ọnà àkọ́kọ́ tó kọ́ mi láti yà sára àdìrẹ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ya Olókun, n kò rí òkun rẹ̀ rí.

Nígbà tí èmi àti Táíwò fẹ́ pé ogójì ọdún, mo ní a kò ní fi owó àjọ wa ṣe àsè. Zanzibar la máa lọ, erékùṣù tó wà létí ilẹ̀ Tanzania. Táíwò ní ṣé orí mi pé. Tísà ni, Ìlọrin ló ń gbé, òun ló mọ̀wé nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n èmi Kẹ́hìndé ni mo rán an wá tọ́ ayé wò, ó yẹ kó máa gbọ́ tèmi.

Ọkùnrin kan gbowó lọ́wọ́ wa pé òun máa bá wa ṣe ìwé, ó sì pa fóònù. Táíwò ló padà jókòó ti íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kó sì fi ìnṣọ́ránsì kún ìṣirò rẹ̀: láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan, dọ́là 44 lórí àgbàlagbà kan.

Etí mi ló kọ́kọ́ gbádùn ibẹ̀, kì í ṣe ojú. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ìlú Zanzibar, ìyá kan kí wa ní èdè Swahili: “Habari?” Mo ní, “Làbárì kẹ̀?” Àṣé ìròyìn náà ló ń béèrè! Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè ní Alhamisi, bí àwọn bàbá wa ní mọ́ṣáláṣí ṣe ń pè é ní Àlàmísì. Ní ọjà Darajani mo bu kànáfùrù sọ́wọ́, mo béèrè orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń tà á ní karafuu. Lọ́wọ́ Lárúbáwá ni àwa Yorùbá àti àwọn ti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà. Tiwa gba aṣálẹ̀ wá, tiwọn gba orí omi. Ó ṣe mí bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé ọmọ bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àmọ́ ìmọ̀ díẹ̀ náà ló kó bá mi. Mo ti kọ́ oókan, eéjì, ẹẹ́ta wọn, nítorí náà nígbà tí ọlọ́kọ̀ ojú omi ní kí a wá ní “saa mbili”, mo dá Táíwò lóhùn pé aago méjì ni. A sùn, a jẹun, a dé etíkun lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ ti lọ láti àárọ̀. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń ka aago: aago méje tiwa ni aago kìíní tiwọn, saa mbili sì ni aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí owó ọkọ̀ ṣe lọ nìyẹn. Táíwò kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ebi fi pa á.

Igbó Jozani ló parí ìjà náà. Ẹdun pupa wà níbẹ̀, irú èyí tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní àwọn erékùṣù yẹn. Ẹ̀yìn wọn pọ́n bí epo. Amọ̀nà ní wọ́n máa ń jẹ èédú láti fi ṣẹ́gun oró inú ewé, àti pé àwọn àgbẹ̀ máa ń sọ pé igi tí wọ́n bá jẹun lórí rẹ̀ yóò kú. Ẹ rò ó wò, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdun jobí, lábẹ́ igi tí ẹdun wà. Táíwò tó ní òun kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́ ló bẹ̀rẹ̀ oríkì ìbejì. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹdun kan sì tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀.

Òkun ńkọ́? Ní Paje, abúlé kan létíkun, omi fà sẹ́yìn débi pé àwọn obìnrin ń rìn wọnú rẹ̀ lọ tọ́jú ewé òkun tí wọ́n so mọ́ okùn. Mo tẹ̀ lé wọn, omi dé orúnkún mi, mo dúró. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹtù, kì í ṣe wájì. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti po aró láti bá a, kò bọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. UNESCO ti kọ Stone Town sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2000, ó kọ igbó tiwa ní 2005. Àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi. Omi ni n kò lè wò. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọjá lórí afárá tí mò ń wò ó bẹ́ẹ̀? Àfi ìgbà tí mo rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi nínú omi Paje kí inú tó bí mi.

Mo ra kanga kan bọ̀, aṣọ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ró. Méjì-méjì ni wọ́n ń tà á láìgé, ọ̀rọ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀. Táíwò ka tiwa sókè: “Haraka haraka haina baraka.” Kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ ni mo ti ní, “Àlùbáríkà wà níbẹ̀.” Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: ìkánjú kò ní àlùbáríkà. Ní pápákọ̀ òfurufú ló ti fẹ́ kí a gé e sí méjì, mo ní ṣé kò kà á ni.

Ó ń bọ̀ láti Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti pọ́n àlùmọ́gàjí.