Inú Fóònù Ni Ìyá Mi Wà

Àbúrò mi tó wà ní Adó-Èkìtì tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ̀ pé kòrónà jà. Ilé ìwé gbé kọ̀ǹpútà fún ọmọ yín, ó jókòó sílé, ó ń kàwé. Àwọn tèmi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Mo mọ bó ṣe rí nílé. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé pa ní 2020, orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ìjọba Èkìtì gbé ẹ̀kọ́ sí. Iná ò dúró, dátà wọ́n, ọmọ mẹ́ta sì ń du fóònù kan ṣoṣo. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tí rédíò bá ti dákẹ́, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń sá lọ, àwọn ọmọ àdúgbò á pé síbẹ̀.

Ní Leeds níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, 2020 ni wọ́n ti ilé ìwé. Ọmọ mi ò padà títí di oṣù Kẹsàn-án. Nínú oṣù Kìíní 2021, wọ́n tún tì í, ó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹta. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà náà, wákàtí 4 sì ni ìjọba ní kí irú wọn fi kàwé lójúmọ́ nílé. Yàrá kan náà ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, mo kẹ̀yìn sí i, ó kẹ̀yìn sí mi.

Tó bá fi máa di ọ̀sán, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, orí á máa fọ́ ọ. Àwọn oníṣègùn ojú ní tí ìṣẹ́jú 20 bá pé, kéèyàn gbójú kúrò, kó wo ọ̀ọ́kán díẹ̀. Kí ló fẹ́ wò? Ògiri ilé kejì ni fèrèsé wa kọjú sí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú.

Mo bá ṣòfin: lẹ́yìn ìwé, kò sí fóònù mọ́. Mi ò rántí pé inú fóònù yẹn ni ìyá mi wà. Alaalẹ́ ni Màmá àti ọmọ mi máa ń rí ara wọn nínú fídíò. Nígbà tí mo wá gbà kí wọ́n tún ríra, ọmọ yí ojú kúrò: "Mọ́mì, ojú ń ta mí." Màmá dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ọmọ mi ti ń gbàgbé mi ni?" Ilé ìwẹ̀ ni mo ti lọ sunkún.

Láti ọjọ́ náà la ti pa fídíò tì. A ó paná yàrá, a ó gbé fóònù sórí ìrọ̀rí. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Ohùn Èkìtì gidi ni Màmá fi ń pa á, ọmọ tí kò dé Adó rí sì ń gbè é.

Olùkọ́ ni mí kí n tó kúrò nílé. Owó oṣù tí a kì í rí gbà lásìkò ló lé mi. Tó bá tún di àná, màá tún wá, torí ọmọ mi ń kàwé, mo sì ń rówó ra oògùn Màmá. Kí àbúrò mi má ṣáà fi kọ̀ǹpútà yẹn kí mi kú oríire. Ilé ìwé ti gbà á padà tipẹ́. Fóònù tí Màmá fi ń pa àlọ́ fún wa, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó wà nínú àpótí mi.