Ọpọlọ Ahunṣọ

Ọjọ́bọ̀, Lyon.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà. Ìlẹ̀kùn wà ní títì pa. Ebi sì ti ń pa mí láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Àbúrò, ta ní ń jẹun alẹ́ láago mẹ́fà nílẹ̀ Faransé? Ó di méje."

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pẹ́ nílùú yìí. A lọ dúró létí odò Saône, à ń wo omi, ikùn mi ń kùn.

Bouchon ni wọ́n ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Lyon. Ohun tí mo ti múra sílẹ̀ fún ni abọ́ ràgàjì tí oúnjẹ inú rẹ̀ kò ju àtàńpàkò lọ. Irọ́ ni. Yàrá náà kò tó pálọ̀ ìyá mi. Àwọn tábìlì súnmọ́ra débi pé bí o bá fẹ́ dìde, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ á kọ́kọ́ fa ikùn mọ́ra. Ìyá tó ni ibẹ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn gbé abọ́ kiri. Inú ìgò tí wọ́n ń pè ní pot ni wáìnì wà. Ojú á rò pé ó tó ìdajì lítà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn gan-an, sẹ̀ǹtílítà 46 péré ló ń gbà. Mo rántí àwọn oníkọ́ńgò wa tí wọ́n máa ń lu ìdí kọ́ńgò wọnú.

Ẹ̀gbọ́n bá mi pàṣẹ tablier de sapeur, wọ́n kọ̀, wọn ò sọ ohun tó jẹ́. Ó dé, ó pẹlẹbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹja díndín. Mo gé e, mo rí ojú afárá oyin nínú rẹ̀.

"Ṣàkì!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n á sè é, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú wáìnì funfun, wọ́n á fi ẹyin àti èérún búrẹ́dì bò ó kí wọ́n tó dín in. Òde rẹ̀ ń rún wómúwómú, inú rẹ̀ rọ̀. Kí n má purọ́, ó rọ̀ ju tiwa lọ. Ata nìkan ni kò sí. Mo béèrè, wọ́n gbé músítádì wá, mo bù ú bí ẹni bu ata gígún. Imú ló gbà jáde! Omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Bàbá àgbà tó wà ní tábìlì kejì kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn na búrẹ́dì sí mi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni cervelle de canut.

"Ọpọlọ ahunṣọ," ni Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, n kì í jẹ ọpọlọ."

"Wàràkàṣì ni."

Wàràkàṣì funfun tó rọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ááyù, ewé àlùbọ́sà, ọtí kíkan àti òróró. Canut ni àwọn tó ń hun aṣọ sílíìkì lórí òkè Croix-Rousse. Wọ́n dìde ní 1831 àti 1834 nítorí owó iṣẹ́ wọn, ológun ló sì tẹ̀ wọ́n rì. Àwọn kan ní agbára wọn kò ká ọpọlọ àgùntàn, wàràkàṣì ni wọ́n fi dípò. Àwọn mìíràn ní èébú àwọn olówó ni: pé ohun tó wà lórí ahunṣọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ni Ẹ̀gbọ́n ń rín bí wọ́n ti ń sọ ọ́, àfi bí wọ́n ṣe rántí pé ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, àti pé òfì bàbá mi ṣì wà níwájú ilé wa. Ohùn wọn wálẹ̀.

"Má bínú o."

N kò bínú. Obìnrin kan ni mo rántí, tó wá ná sányán lọ́wọ́ Bàbá lójú mi. "Ọwọ́ náà lẹ kúkú fi hun ún," ló wí. Bàbá ká aṣọ wọn, wọn ò fèsì.

Mo jẹ ẹ́. Mo fi búrẹ́dì nu abọ́ náà títí ó fi mọ́ tónítóní. Ìyá náà kọjá, wọ́n wo abọ́, wọ́n sọ nǹkan.

"Wọ́n ní ṣé kí àwọn tún bù sí i?"

"Kí wọ́n bù ú wá."

Ẹ̀gbọ́n ní lówùúrọ̀ ọ̀la, àwọn á mú mi gun Croix-Rousse, níbi tí òrùlé yàrá àwọn ilé àtijọ́ ti ga tó mítà mẹ́rin kí òfì wọn lè dúró. Aago méjì ni ọkọ̀ mi. Mo ti fi fóònù sí iná, kí n lè ya gbogbo rẹ̀ han Bàbá.